Ọwọ́ Mi Ló Di Ẹrù Gáníyù

Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, Sìdíkátù ọmọ Gáníyù wá bá mi nílé ní Ìlá pẹ̀lú fọ́ọ̀mù nínú fáìlì ọlọ́rá. Ó kúnlẹ̀, ó kí mi tán, ó ní àwọn ológun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń gba ènìyàn, ti orí ilẹ̀, ti ojú omi àti ti òfurufú, ọjọ́ kan náà sì ni wọ́n fi àyẹ̀wò sí. Kò lè lọ ju ibì kan lọ. Ó tún ní wọ́n fẹ́ onídùúró, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ológun fẹ̀yìn tì. Mo ní ìyẹn ò le, ṣebí mo wà níbí. Ìgbà náà ló wá sọ èyí tó le.

"Bàbá mi ní kí n sọ fún yín pé èyí tí ẹ bá ní kí n wọ̀ ni kí n wọ̀. Wọ́n ní àwọn ò ní dá sí i."

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹ má baà máa méfò. Gáníyù, bàbá ọmọ yìí, ti ń fi ọ̀pá rìn láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, èmi ni mo sì fà á. Kì í ṣe ìjà, kì í sì í ṣe ọ̀tá ló yìnbọn lù ú. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Òun náà mọ̀, ìyàwó rẹ̀ mọ̀, Sìdíkátù fúnra rẹ̀ mọ̀. Ẹni bẹ́ẹ̀ ló wá ní kí n yan ibi tí ọmọ òun yóò lọ. Ẹ̀rù bà mí, mi ò lè purọ́.

Mo ní kí ọmọ náà padà wá ní Sátidé. Ohun tí mò ń kọ sílẹ̀ yìí ni mo rò láàárín àwọn ọjọ́ náà, nítorí kì í ṣe òun nìkan ló ń bi mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìlá kì í jẹ́ kí n sinmi. Ẹ ó gbé fóònù yín wá, ẹ ó fi àwọn tó fi èédú kun ojú, tí wọ́n ń já bọ́ láti inú hẹlikópítà hàn mí, ẹ ó ní, irú èyí lẹ fẹ́. Gbogbo yín lẹ fẹ́ fò. Ẹnì kankan nínú yín ò tíì bi mí rí pé ta ló ń di ẹrù tí wọ́n fi ń fò. Èmi nìyẹn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi di párásúùtì, agboòrùn ńlá tí ọmọ ogun fi ń balẹ̀ láti inú ọkọ̀ òfurufú.

Akọ̀pẹ ni bàbá tó bí mi. Kì í gun ọ̀pẹ láìfi ọwọ́ yẹ igbà rẹ̀ wò, ìyẹn okùn tí akọ̀pẹ fi ń so ara rẹ̀ mọ́ ọ̀pẹ. Ní àràárọ̀ yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà, yóò dijú, yóò sì máa fi ìka wá àbùkù lára okùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ́ mi. Òfin kan ṣoṣo tó fi lé mi lọ́wọ́ ni pé mi ò gbọdọ̀ fi igbà tí ẹlòmíràn so gun ọ̀pẹ, ì báà ṣe ti òun fúnra rẹ̀. Mo mọ ọ̀pẹ gùn kí n tó mọ̀wé kà dáadáa.

Ọjọ́ kan náà lèmi àti Gáníyù wọṣẹ́ ológun. Ọmọ Òkè-Ìlá ni, ojúgbà mi, ẹlẹ́nu ṣáká tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rí àyè sọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe gbà wá àti iye tí wọ́n ń san ò tó ìtàn: wọ́n wọn gíga wa, wọ́n wo eyín wa, wọ́n kó wa lọ sí òkè ọya. A jẹ̀yà fún oṣù mẹ́fà. Nígbà tó kù díẹ̀ ká jáde, wọ́n ní kí kálukú mú ẹ̀ka tó fẹ́. Àwọn tó ń fẹsẹ̀ jagun wà níbẹ̀, àwọn tó ń yin àgbá ńlá, àwọn tó ń ṣe afárá, àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn. Ọ̀gá kan wá bá wa sọ̀rọ̀ láti ẹ̀ka àwọn tó ń fò. Fìlà rẹ̀ pupa, wọ́n rán ìyẹ́ méjì mọ́ àyà ẹ̀wù rẹ̀, o sì lè fi bàtà rẹ̀ ṣe dígí. Mi ò gbọ́ ohun tó sọ. Ìyẹ́ yẹn ni mò ń wò. Èmi àti Gáníyù la kọ́kọ́ nawọ́.

Wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń fò láti orí pèpéle, lẹ́yìn náà láti orí ilé gogoro, wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń ṣubú tí egungun ò fi ní í ṣẹ́. Mo ṣe dáadáa ju Gáníyù lọ, ẹ bi í. Ó wá ku ọjọ́ tí a ó fò láti inú ọkọ̀ gan-an. A tò, wọ́n pín àpò párásúùtì fún wa, wọ́n ti dì í, wọ́n sì ti lẹ òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Àṣẹ ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tú u. Èmi gbé tèmi sílẹ̀, mo já òǹtẹ̀, mo tú u pátápátá. Mo dijú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka wá okùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kí n tó la ojú, Sájẹ́ǹtì Dánládì ti dúró lé mi lórí. Òun ni ọ̀gá àwọn tó ń di párásúùtì, ọkùnrin kúkúrú tí ọwọ́ rẹ̀ gùn. Kò lù mí. Ó kàn fà mí jáde kúrò nínú ìlà. Ọkọ̀ gbéra láìsí mi. Láti orí ilẹ̀ ni mo ti rí Gáníyù tó ń balẹ̀, agboòrùn rẹ̀ ṣí dáadáa, omijé sì ń bọ́ lójú mi.

Lẹ́yìn náà ni Dánládì pè mí, ó ní kí n ṣàlàyé. Mo fi Háúsá tí mo gbọ́ díẹ̀díẹ̀ sọ̀rọ̀ bàbá mi àti igbà fún un. Ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ.

"Ní ìlú yín, ta ló ń so okùn fún akọ̀pẹ?"

"Òun fúnra rẹ̀ ni, sà."

"Níbí, èmi ni. Àwọn tó fò láàárọ̀ yìí, kò sí ẹni tó yẹ iṣẹ́ mi wò nínú wọn. Wọ́n kàn fò ni. Ìwọ ò ní lè ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé."

Ó ní ọ̀nà méjì ló kù fún mi. Yálà kí wọ́n dá mi padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń fẹsẹ̀ jagun, tàbí kí n wá kọ́ṣẹ́ nídìí tábìlì òun. Ó ní kí n sọ èyí tí mo fẹ́ kí òun tó mu tíì òun tán. Ojú tì mí gan-an. Mo ti rí ara mi lójú ìran tí mo wọ Ìlá pẹ̀lú fìlà pupa. Àmọ́ òótọ́ ni ọkùnrin náà sọ, mo sì mọ̀ pé òótọ́ ni: mi ò lè gbára lé okùn tí ìka mi ò bá tíì yẹ̀ wò. Tíì rẹ̀ ò tíì dé ìdajì tí mo fi ní tábìlì ni mo mú.

Alágbàfọ̀ ni wọ́n ń pè wá ní bárékè, torí pé aṣọ la máa ń tẹ́, aṣọ la máa ń ká. Gáníyù ló kọ́kọ́ pè mí bẹ́ẹ̀. Tábìlì wa gùn bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ńlá. A ó na aṣọ sórí rẹ̀, a ó pín okùn bí ọgbọ̀n sí ọ̀tún àti òsì, a ó ká aṣọ náà ní ìṣẹ́po ìṣẹ́po, a ó fi àpò yanrìn kéékèèké tẹ̀ ẹ́ kó má baà sún. Dánládì máa ń fi aṣọ dúdú dì wá lójú kí a fi ọwọ́ nìkan wá okùn tó lọ́. Ẹni tí èékánná rẹ̀ bá gùn, abẹ ni yóò fi gé e fún un. Ó máa ń gbóòórùn ọwọ́ wa bí a bá ti ibi oúnjẹ dé. Bí epo bá wà níbẹ̀, o ò ní ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Nígbàkigbà ló sì lè gbé àpò kan tí o dì, kó jù ú sí ọ láyà, kó ní ọkọ̀ ń dúró. Wàá wọ̀ ọ́, wàá fò. Bí mo ṣe gba ìyẹ́ tèmi nìyẹn, ọdún kan lẹ́yìn Gáníyù, ẹ̀rù ò sì bà mí, torí mo mọ ẹni tó dì í.

Nínú gbogbo òfin rẹ̀, ọ̀kan wà tó ju àwọn yòókù lọ. Bí ọwọ́ rẹ bá ti kan aṣọ, o ti di adití nìyẹn. O ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn, ì báà jẹ́ ọ̀gá àwọn ọ̀gá. Bí ohunkóhun bá mú ọ kúrò nídìí rẹ̀, tú gbogbo rẹ̀, kó o tún un bẹ̀rẹ̀ láti orí. Àwọn ará ibòmíràn kọ́ òfin yìí lọ́jọ́ kan. Èmi ọmọ Ìlá, ó nira fún mi. Nílé wa, bí àgbà bá ń kọjá tí o ò kí i, ìyá rẹ ni wọn yóò bi léèrè.

Gáníyù kì í wọ àpò tí kò bá ní orúkọ mi lórí káàdì rẹ̀, níbi tí ẹni tó dì í ti ń kọ orúkọ. Bí wọ́n bá fún un ní ti ẹlòmíràn, yóò bá ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pààrọ̀. Ó máa ń ní alágbàfọ̀ Ìlá nìkan lòun gbà.

Ó tó ọdún mẹ́rin tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ nígbà tí bàbá àgbàlagbà kan wá láti Ìlá láti wo ọmọ rẹ̀ ní bárékè. Ọmọ náà sọ fún un pé ọmọ ilé akọ̀pẹ kan wà ní yàrá tí wọ́n ti ń di párásúùtì, bàbá sì ní òun gbọ́dọ̀ kí i kí òun tó lọ. Dánládì ò sí nítòsí. Mo ti pín okùn tán, mò ń ká aṣọ lọ́wọ́, nígbà tí mo gbọ́ ohùn àgbà lẹ́nu ọ̀nà.

"Igbà á rọ̀ o."

Bí wọ́n ṣe ń kí akọ̀pẹ nílé wa nìyẹn. Láti ọdún mẹ́rin, alágbàfọ̀ ni mò ń gbọ́. Kò sí ẹni tó wo okùn ọwọ́ mi rí, kó kí mi bí wọ́n ṣe ń kí bàbá mi. Mi ò mọ ìgbà tí mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ tí mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ sọ fún mi, ẹ̀yin ọmọ Ìlá, ta ló tó bẹ́ẹ̀ nínú yín? Bàbá náà fi ohùn ilé bá mi sọ̀rọ̀, ó ní bàbá mi wà láàyè, ó ní ẹsẹ̀ ń dùn ún díẹ̀, ó wúre fún mi, ó lọ.

Mo padà sídìí tábìlì. Òfin ní kí n tú u. Mo wo aṣọ náà, ó dà bíi pé kò sí ohun tó yí níbẹ̀. Inú mi dùn, ara mi yá gágá, ìdajì iṣẹ́ ti lọ. Mo tẹ̀ síwájú láti ibi tí mo rò pé mo dé. Mo dì í tán, mo kọ orúkọ mi sórí káàdì.

Lọ́jọ́ kejì ni Gáníyù wọ̀ ọ́.

Mo wà ní pápá láàárọ̀ ọjọ́ náà, mò ń wo òkè. Agboòrùn mẹ́ta ti ṣí kí tirẹ̀ tó jáde. Ó ṣí lóòótọ́, àmọ́ okùn kan ti gba orí aṣọ kọjá, ó sì fún un láàárín bí ìgbà tí obìnrin fún ọ̀já mọ́ ìdí. Dípò agboòrùn kan, kéékèèké méjì ló wà lórí rẹ̀. Ó ń yí, ó sì ń yára bọ̀. Ó fa àpò pàjáwìrì tó wà láyà rẹ̀, ìyẹn sì ṣí díẹ̀ kó tó kan ilẹ̀. Òun ni kò jẹ́ kó kú. Itan rẹ̀ òsì ṣẹ́ níbi méjì, ìbàdí rẹ̀ sì yẹ̀.

Wọ́n ti fi ọ̀bẹ gé okùn náà kúrò lára rẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ti wọ́ aṣọ nílẹ̀ ó ti lọ́ pọ̀, kò sí ẹni tó lè fi ojú mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn ọ̀gá jókòó láti wádìí. Ní ọjọ́ kejì ìwádìí, ó hàn sí mi pé wọ́n ti fẹ́ kọ ọ́ pé Gáníyù kò jáde lẹ́nu ọkọ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, pé àfọwọ́fà rẹ̀ ni. Wọ́n bi mí bóyá mo dì í bó ṣe yẹ. Ká ní mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìbá parí sí.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ yóò bá a. Kì í ṣe òwe ló la ẹnu mi lọ́jọ́ náà. Ohun tó là á ni pé Gáníyù ò sí níbẹ̀ láti gbèjà ara rẹ̀.

"Èmi ni, sà," ni mo wí. "Àgbà kan kí mi, mo dá a lóhùn, mi ò sì tú u."

Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín, ó rò pé orí mi ti dàrú. Dánládì ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n tì mí mọ́lé, wọ́n já àmì ipò kúrò lápá mi, wọ́n sì dá ìgbéga Dánládì dúró nítorí mi. Nígbà tí mo jáde, mo rò pé yóò lé mi. Ó ní kí n di àpò mẹ́wàá. Mo dì wọ́n. Ó dijú, ó fọwọ́ fa ọ̀kan jáde, ó ní ọkọ̀ ń dúró.

Ẹ̀yin tó ń wá akin kiri nínú fóònù, ẹ gbọ́. Gbogbo fífò tí mo ti fò ṣáájú, eré ọmọdé ni. Lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, mo mọ ohun tí ọwọ́ tó di ẹrù ẹ̀yìn mi lè ṣe. Mo ní nínú ara mi pé bí mi ò bá lè fò, a jẹ́ pé mi ò gbọdọ̀ di ẹrù fún ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́. Mo fò. Ó ṣí. Mo padà sídìí tábìlì lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo sì wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sí i.

Mo lọ bá Gáníyù ní ọsibítù, mo sọ ọ́ fún un lójúkojú kó má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Kò bú mi. Ó kọjú sí ògiri. Wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ ológun, ó padà sí oko obì bàbá rẹ̀ ní Òkè-Ìlá pẹ̀lú ọ̀pá.

Ohun èlò yí padà lójú mi. Agboòrùn roboto ló wà nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, ibi tí afẹ́fẹ́ bá gbé ọ lọ lo máa balẹ̀ sí. Onígun mẹ́rin wá dé, tí èèyàn lè yí sọ́tùn-ún sósì bí ẹni gun ọ̀kadà. Ẹ̀rọ kékeré kan dé tó ń ṣí i fúnra rẹ̀ bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá dákú lójú òfurufú. Káàdì dópin, kọ̀ǹpútà gba ipò rẹ̀. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ fẹ́ máa fi nǹkan sétí gbọ́ orin bí wọ́n ṣe ń dì í, mo sì gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní bàbá yìí le jù. Bẹ́ẹ̀ ni, mo le. Títí mo fi fẹ̀yìn tì, ẹni kankan ò ṣubú lórí iṣẹ́ yàrá wa mọ́.

Láti ìgbà tí mo ti padà sílé ni mo ti ń gbé iṣu lọ fún Gáníyù ní Òkè-Ìlá lọ́dọọdún. Yóò gbà á, yóò ní o ṣeun, a ó sọ̀rọ̀ òjò àti obì, màá padà. Mi ò gbọ́ "mo dárí jì ọ́" lẹ́nu rẹ̀ rí, mi ò sì bèèrè.

Sátidé dé. Mo bi Sìdíkátù pé kí ni òun fúnra rẹ̀ fẹ́. Ó ní fífò ni, pé láti kékeré ni. Mo ní ṣé nítorí fìlà pupa ni. Ó ní rárá, pé òun fẹ́ mọ ohun tí bàbá òun mọ̀ kó tó ṣubú. Mo bi í pé bí wọ́n bá ní ìdí tábìlì lọ́wọ́ rẹ̀ dára sí ńkọ́? Ó rò ó díẹ̀, ó ní òun yóò dúró níbẹ̀, bí wọ́n bá ti lè jẹ́ kí òun fò pẹ̀lú èyí tí òun dì. Inú mi dùn sí èsì yẹn. Ẹ̀yin yòókù, ẹ gbọ́: ẹ má fi aṣọ yan ẹ̀ka. Ohun tí ọwọ́ yín ò lè ṣe kó má ṣe ni kí ẹ wò, kí ẹ sì lọ síbi tí wọ́n ti nílò rẹ̀.

Síbẹ̀ mi ò lè fọwọ́ sí i. A gun ọ̀kadà, ó di Òkè-Ìlá. Gáníyù jókòó síwájú ilé, ó ń bó obì, ọ̀pá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo jókòó tì í. Mo ní kí ló dé tó fi ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, èmi nínú gbogbo ènìyàn.

Kò gbójú sókè. "Láti ìgbà tí orúkọ rẹ ti wà lórí káàdì, ẹ̀ẹ̀melòó ni mo fò kí n tó ṣubú?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹtàdínlógún."

"Ta ló dì wọ́n?"

"Èmi ni."

"Ọdọọdún lo ń gbé iṣu wá nítorí ọ̀kan," ni ó wí. "O ò wá gba ọpẹ́ àwọn yòókù rí."

Sìdíkátù na fọ́ọ̀mù sí mi, èyí tó jẹ́ ti orí ilẹ̀, tó ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀ka àwọn tó ń fò lòun fẹ́. Mo kọ orúkọ mi níbi onídùúró, mo kọ nọ́ńbà tí mo ń jẹ́ nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n tún bèèrè níbẹ̀ pé kí ni mo jẹ́ sí ọmọ yìí. Mo gbé bírò dúró. Bí mo bá kọ ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá mo ṣì ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá kọ aládùúgbò, irọ́ ni.

Gáníyù rí i pé mo ń pẹ́. Ó na ọrùn wo ìwé náà.

"Kọ bàbá," ni ó wí, ó sì mú obì mìíràn.

Mo kọ ọ́.